Àdàbà Tí Kò Ní Igbó Mìíràn: Níbo Ló Yẹ Kí Ìtọ́jú Àwọn Ẹyẹlé Tó Fẹ́ Parun Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn àdàbà àti ẹyẹlé tó wà nínú ewu káàkiri ayé, kí n sì sọ ohun tó yẹ kí ìwádìí àti ìtọ́jú wọn kọ́kọ́ dojú kọ. Òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: àdàbà ò náání à-ń-kùngbẹ́, iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Òótọ́ ni òwe náà fún àdàbà ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá tiná bọ oko kan lónìí, oko mìíràn ń bẹ níwájú, igbó ń bẹ lẹ́yìn odò, èso koríko kò sì wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n àdàbà tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè fò lọ. Erékùṣù kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ní ilé, omi òkun ló sì yí i ká. Bí igbó ibẹ̀ bá jó, ọ̀rọ̀ ti parí fún un.

Ìdílé ẹyẹlé àti àdàbà tóbi. Ẹ̀yà tó wà láyé lónìí lé ní 300, wọ́n sì wà níbi gbogbo àfi ilẹ̀ tí yìnyín bò pátápátá. Àwa níbí ní ẹyẹlé tó ń gbé òrùlé wa, a ní àdàbà, a ní òdèrékókó, a ní òrofó aláwọ̀ ewé tó máa ń dì mọ́ orí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí ojú kì í tètè rí i. Bí a bá kó ẹ̀yà márùn-ún nínú ìdílé yìí jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni àparun ń lé. Ẹ gbé àwòrán ayé wá, kí ẹ fi àmì sí ibi tí àwọn tó wà nínú ewu ń gbé. Orí erékùṣù ni àmì yín yóò pọ̀ sí jù: Philippines, Indonesia, àwọn erékùṣù kéékèèké inú òkun Pàsífíìkì, Caribbean, àti São Tomé tó wà nínú òkun tiwa níhìn-ín.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹyẹlé mọ òfurufú fò, ó lè la òkun kọjá. Láyé àtijọ́, díẹ̀ nínú wọn bà sí erékùṣù tí ènìyàn kò dé rí, wọ́n jókòó síbẹ̀, ọmọ wọn sì di ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Kò sí èkúté níbẹ̀, kò sí ológbò, kò sí ọ̀bọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ ìbẹ̀rù mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi wá gúnlẹ̀, tòun ti èkúté inú rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn sá.

Òrofó náà ní òwe tirẹ̀: ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Mo fẹ́ràn òwe yìí gan-an, ṣùgbọ́n òrofó inú igbó kì í bí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin kan tàbí méjì ni ìdílé yìí ń yé. Ìtẹ́ wọn, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé ti rí i: igi gbígbẹ díẹ̀ tí wọ́n tò lé ara wọn, débi pé ẹni tó dúró nísàlẹ̀ lè rí ẹyin láàárín rẹ̀. Akọ àti abo ló jọ ń sàba, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń pọ oúnjẹ funfun kan bíi wàrà láti inú àpò ọ̀fun wọn sí ọmọ lẹ́nu. Òbí rere ni wọ́n. Àmọ́ ẹyẹ tó ń bí ọ̀kan tàbí méjì kò lè tètè dí àlàfo àwọn tí wọ́n pa, pàápàá bí èkúté bá tún ń jí ẹyin rẹ̀ kó.

Dodo tí gbogbo ayé fi ń pòwe ohun tó ti kú, ẹyẹlé ni. Mauritius ló gbé, nínú òkun Íńdíà, níbi tí kò ti sí ohun tó ń lé e, kò sì lè fò mọ́. Àwọn ará Netherlands gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1598. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún ó tó pé, kò sí dodo mọ́. Ọwọ́ ènìyàn nìkan kọ́ ló pa á. Ẹlẹ́dẹ̀, èkúté àti ọ̀bọ tí wọ́n kó wá jẹ ẹyin rẹ̀ nílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní erékùṣù Rodrigues tẹ̀ lé e ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ ńlá àti iye tó pọ̀ lè gba ẹyẹ là. Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹyẹlé kan wà tó ń ṣí kiri, Passenger Pigeon ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé wọ́n tó bílíọ̀nù mẹ́ta sí márùn-ún nígbà tí àwọn òyìnbó dé ilẹ̀ náà. Bí agbo wọn bá ń kọjá, ojú ọ̀run á ṣú, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó kọjá tán. Rélùwéè àti tẹligíráàfù ló kó bá wọn. Ìròyìn ibi tí wọ́n ti ń pamọ máa ń tètè dé etí àwọn ọdẹ, àwọn ọdẹ á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn níbẹ̀, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n á sì fi kó òkú wọn lọ sí ọjà ìlú ńlá. Ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyẹ yìí ń yé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn wọn, abo kan tí wọ́n sọ ní Martha, kú sí ọgbà ẹranko Cincinnati ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta báyìí kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí tó yẹ kó ṣáájú ni èyí tó ń wá ohun tó ń pa ẹyẹ náà gan-an, níbi tó wà gan-an, kí àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sì wà nínú ìwádìí náà láti ọjọ́ kìíní. Owó tó pọ̀ ló ń lọ sórí kíkà: a kà wọ́n lọ́dún yìí, a tún wá kà wọ́n lọ́dún mẹ́ta sí i, iye ń wálẹ̀, a kọ ìwé. Kíkà dára, mi ò ní kí a má kà. Ṣùgbọ́n iye tó ń wálẹ̀ kò sọ fún wa bóyá èkúté ni, bóyá ìbọn ni, bóyá ebi ni, bóyá àrùn ni. Oògùn ọ̀kan kò sì lè wo èkejì.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn jù ni Mauritius náà. Lẹ́yìn dodo, ẹyẹlé mìíràn ṣẹ́kù síbẹ̀ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Nesoenas mayeri ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Èmi yóò máa pè é ní ẹyẹlé Mauritius. Wọ́n ti gé igbó erékùṣù náà fi gbin ìrèké àti tíì. Igbó àdáyébá tó ṣẹ́kù tó sì dára kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ní nǹkan bí 1990, ẹyẹlé yìí tó kù nínú igbó kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Mẹ́wàá, ní gbogbo ayé, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n ń sìn nínú àgò.

Ibi tí àwọn mẹ́wàá yìí ń pamọ sí gba àròjinlẹ̀. Igi ilẹ̀ òkèèrè ni, Cryptomeria tí wọ́n gbé wá láti Japan. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn wá rí i pé èkúté àti ọ̀bọ kò fẹ́ràn igi yìí nítorí ewé rẹ̀ ń gún wọn. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè, tó ní igi àjèjì ni ọ̀tá, ì bá ti gé ilé ìkẹyìn ẹyẹ yìí lulẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a kọ́kọ́ jókòó ti ẹyẹ, kí a wò ó, kí a tó gbé àdá.

Carl Jones, ọmọ Wales, àti àwọn ẹgbẹ́ Mauritian Wildlife Foundation, pẹ̀lú àwọn ènìyàn ọgbà ẹranko Jersey, tó wà lábẹ́ àjọ Durrell, ló gbé iṣẹ́ náà lé èjìká. Láti àárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti mú díẹ̀ nínú wọn tí wọ́n ń sìn wọ́n. Ẹyẹlé Mauritius kì í tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa nínú àgò, nítorí náà wọ́n gbé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ àdàbà ilé, àdàbà bá wọn sàba, ó sì bá wọn tọ́ ọmọ. Ní 1987 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ yìí padà sínú igbó. Wọ́n ń dẹ èkúté, wọ́n ń mú ológbò, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn lásìkò tí èso igbó bá wọ́n. Ní 1994, wọ́n kó àwọn kan lọ sí Île aux Aigrettes, erékùṣù kékeré kan létí òkun tí wọ́n ti lé èkúté kúrò lórí rẹ̀. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, gbé wọn kúrò ní ìpele ewu tó ga jù ní 2000, ó sì tún sọ wọ́n kalẹ̀ sí i ní 2018. Iye wọn nínú igbó ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí ni pé wọn ò jókòó de ìwé kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń yí ọwọ́ padà. Ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ ni ìwádìí.

Wàhálà kò tán, ṣá o. Àrùn kan wà tí kòkòrò àìfojúrí Trichomonas gallinae ń fà. Ọ̀fun ẹyẹ ló ń mú, á wú, á kún fún nǹkan pupa rúsúrúsú, ọmọ ẹyẹ kò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́, á sì kú sínú ìtẹ́. Àwọn ẹyẹlé ilé àti àdàbà tí ènìyàn kó wá sí erékùṣù náà ń gbé àrùn yìí kiri, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ẹyẹlé Mauritius sì ni àwọn àlejò wọ̀nyí náà ti ń wá jẹun. Oúnjẹ tó ń gba ẹyẹ là ló tún ń kó àrùn pàdé rẹ̀. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí wà fún, torí bí a bá yọ oúnjẹ, ebi á pa wọ́n; bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn á mú wọn.

Wàhálà kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Gbogbo àwọn tó wà láàyè lónìí jẹ́ ọmọ àwọn díẹ̀ tó yọ nínú ewu yẹn, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò láìmọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 ka jíìnì wọn, ìyẹn àbùdá tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, láti orí dé ìdí, ó sì rí i pé bí iye wọn tilẹ̀ ń pọ̀ sí i, àléébù inú ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ, oríṣiríṣi tó wà nínú jíìnì wọn sì ń dínkù. Àwọn tó ṣe é fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀: bí wọn kò bá mú ẹ̀jẹ̀ tuntun wọ inú agbo náà, wọ́n lè parun láàárín 50 sí 100 ọdún. Ẹ̀jẹ̀ tuntun yẹn wà. Inú àwọn ọgbà ẹranko Yúróòpù ni ó wà, lára àwọn ẹyẹ tí ìran wọn kúrò ní Mauritius kí àwọn jíìnì kan tó sọnù nílé. Nítorí náà, ẹni tó bá wo iye nìkan yóò ní ẹyẹ yìí ti là á já. Àwọn tó wo inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù.

Lórí ọgbà ẹranko, mi ò ní pẹ́ jù. Àdàbà Socorro, láti erékùṣù Mexico kan nínú Pàsífíìkì, kò sí nínú igbó mọ́ láti 1972. Ológbò àti àgùntàn tó jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ gbá ló ṣe é. Ohun tó jẹ́ kó ṣì wà láyé ni pé àwọn kan ti mú díẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń sìn wọ́n ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Wọ́n ti kó àgùntàn kúrò ní erékùṣù náà báyìí. Ní Guam, erékùṣù mìíràn nínú Pàsífíìkì, ejò kan tó bá ọkọ̀ wọ̀lú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló jẹ àwọn àdàbà igbó ibẹ̀ tán. Ní French Polynesia, ní 2015, wọ́n lé èkúté kúrò ní àwọn erékùṣù kan nítorí àdàbà ilẹ̀ kékeré kan tí iye rẹ̀ kò tó igba. Lílé èkúté kúrò lórí erékùṣù kékeré, lójú tèmi, ni owó tó ń mú èrè wá jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó ná an, ẹyẹ á sì máa jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnu ibodè bá wà lábẹ́ ìṣọ́ kí òmíràn má tún bá ọkọ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó sọnù. Ní 2015, ní Botumirim ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Brazil, wọ́n tún rí àdàbà kékeré olójú búlúù tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ láti 1941. Iye tí wọ́n mọ̀ kò tó ọgbọ̀n. Ẹgbẹ́ SAVE Brasil ra ilẹ̀ ibẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì sọ agbègbè náà di ọgbà ìpamọ́. Ní 2022, ní erékùṣù Fergusson ní Papua New Guinea, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ya àwòrán ẹyẹlé ńlá kan tó ń rìn nílẹ̀ bí adìyẹ, tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí láti 1882. Ogóje ọdún! Gbogbo ayé ló pín fídíò náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn gbójú fò nìyí: ẹyẹ yìí kò sọnù lójú àwọn ará Fergusson. Ọdẹ abúlé ló sọ fún àwọn tó ń wá a ibi tó ti gbọ́ igbe rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé kámẹ́rà sí. Ó dùn mí bí a ṣe máa ń sọ pé wọ́n ti ṣàwárí ohun tí ọdẹ mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí mo bá ní owó ìwádìí lọ́wọ́ lọ́la, ibi àkọ́kọ́ tí n óò gbé e lọ ni ẹ̀bá ààrò àwọn ọdẹ, kí n jókòó, kí n béèrè, kí n sanwó fún àkókò wọn, kí orúkọ wọn sì wà lórí ìwé tó bá jáde, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ló wá gbé mi dé orí ìbọn. Ní Samoa, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú Pàsífíìkì, ẹyẹlé kan wà tí eyín rí gánnagànna létí ẹnu rẹ̀, Manumea ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn ni, ìbátan dodo sì ni. Ó kù díẹ̀ kó parun. Ìwádìí láàárín àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá. Ẹyẹlé mìíràn tó wọ́pọ̀, lupe, ni wọ́n ń dọdẹ, Manumea á sì bá a lọ nínú òkùnkùn ewé. Wọ́n tún rí i pé àwọn olówó ló ń jẹ ẹran ẹyẹlé jù, kì í ṣe tálákà tó ń wá ohun tí yóò fi gbé ọbẹ̀ kaná. Ìmọ̀ yẹn yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ kò ní lọ máa lé àwọn àgbẹ̀ abúlé nígbà tó jẹ́ pé orí tábìlì àsè ìlú ni ọ̀rọ̀ wà.

São Tomé jọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ó sì kàn wá. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Èkó, tó fò tààrà, São Tomé sún mọ́ ọn ju Maiduguri lọ. Àwa àti wọn jọ ní agbègbè epo kan lábẹ́ òkun, àdéhùn rẹ̀ ti wà láti 2001. Àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ẹyẹlé méjì wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, tí àwọn méjèèjì sì wà nínú ewu? Ọ̀kan ni ẹyẹlé igbó ńlá kan tí ara rẹ̀ dà bí àwọ̀ obì pupa, Columba thomensis, tó ń gbé igbó orí òkè. Èkejì ni òrofó ibẹ̀, Treron sanctithomae, tí àwọn ará erékùṣù náà ń pè ní cessa, tó jọ òrofó wa bí ìbejì. Ìbọn ni ewu wọn tó tóbi jù. Wọ́n ń pa wọ́n fún jíjẹ àti fún títà, owó orí wọn dára, ẹyẹlé ńlá yẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń tán nítòsí abúlé ni àwọn ọdẹ tó ń pa fún títà ń wọ inú igbó jìn sí i, títí dé inú Obô, ọgbà ìpamọ́ tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ ní 2006.

Níbẹ̀ náà, àwọn ọdẹ kì í pa ẹyẹlé nìkan. Wọ́n ń pa ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àwọn ẹranko tí ènìyàn kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí ìtọ́jú kan yóò bá ṣiṣẹ́ ní São Tomé, mo rò pé inú ìyàtọ̀ yìí ló máa wà: kí ọdẹ ṣì lè rí ẹran tà, kí ẹyẹlé sì kúrò nínú àpò rẹ̀ ní àsìkò tó ń pamọ. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ àsìkò náà dájú, kí a mọ iye tí ìtẹ́ kan ń mú jáde, kí a mọ ẹni tó ń rà á nílùú àti iye tó ń san, àfi kí ẹnìkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀rẹ́ ló ń gbà, èdè ibẹ̀ ló ń gbà, àti bàtà tó nípọn.

Pé dídá ìbọn dúró lè ṣiṣẹ́, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Àdàbà kan wà tó ń bímọ ní Yúróòpù, tó sì ń wá lo àkókò òtútù wọn nílẹ̀ Áfíríkà, ní Senegal, Mali àti gbogbo ẹ̀bá Sàhárà yẹn, títí kan àríwá Nàìjíríà. Streptopelia turtur ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju 95 lọ nínú 100 láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Kíka ẹyẹ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2021 rí nǹkan bí 2,100 ibùgbé péré. Oògùn apakoríko ti pa èso koríko tó ń jẹ run, bẹ́ẹ̀ sì ni iye ìgbà tó ń pamọ lọ́dún ti dínkù tó ìdajì. Lójú ọ̀nà rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, ní Faransé, Spéìnì àti Pọ́túgà, wọ́n máa ń yìnbọn pa á tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáwọ́ ìbọn náà dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àwọn tó ń bímọ ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i. Ní 2025, Àjọ Yúróòpù tún gbà kí wọ́n máa pa ìwọ̀n díẹ̀. Èmi ì bá ti dúró sí i.

Ẹ kíyè sí i pé ìdajì ayé ẹyẹ yìí, ọ̀dọ̀ wa ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbin èso koríko, Faransé lè gbé ìbọn sílẹ̀. Bí igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń sùn lé lórí ní Sahel bá ti di igi ìdáná, tí kòtò omi tó ń mu sì gbẹ, òfo ni. Láti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́yìn ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹyẹ tó kúrò ní Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2014 dé Mali. Àwa ló yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ wà. Ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis wà ní Laminga ní Jos, lábẹ́ Yunifásítì Jos, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ ẹyẹ níbẹ̀. Àwọn náà ló ń bójú tó iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni tó bá dá ẹyẹ mọ̀ lè fi fóònù rẹ̀ kópa nínú rẹ̀. Ẹ wa áàpù BirdLasser sórí fóònù yín. Ẹ lọ sí oko bàbá yín, ẹ jókòó wákàtí méjì, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ bá gbọ́. Ọ̀pọ̀ igun ilẹ̀ Yorùbá ló ń dúró de irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, mo ní mẹ́ta lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni òrofó wa. Kò sí nínú ewu ní ti àgbáyé, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn ọdẹ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní agbègbè yín, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí i nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń rí i báyìí, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn wé igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ṣẹ́kù. Ìkejì ni àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì: ẹyẹlé igbó mélòó ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá lóṣù, ta ló sì ń rà wọ́n? Ẹ má lọ bí ọlọ́pàá. Ẹ kí wọn, ẹ ra nǹkan, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá ṣe láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ìkẹta ni ẹyẹlé ilé wa. A ń sìn wọ́n fún ìgbéyàwó, fún ìsọmọlórúkọ, fún ẹbọ, wọ́n sì ń jẹ, wọ́n ń mu pẹ̀lú àdàbà igbó lójú kan náà lẹ́yìnkùlé. Ẹ gba itọ́ ọ̀fun wọn sórí òwú, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí a mọ̀ bóyá àrùn tó ń pa ọmọ ẹyẹlé Mauritius wà lára tiwa, kí a sì mọ̀ bóyá ó ti ń kọjá sí ara àwọn tó wà nínú igbó. Àwọn dókítà ẹranko tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lè fi ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ̀nà lónìí gan-an, ẹ dúró kí wọn lẹ́yìn ìjókòó yìí.